Èènì Tí Alhájà Ń Fi Sí Oúnjẹ Kòkòrò

Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé tí mo ti kàwé díẹ̀ ní Erinje ló ní kí n wá bá àwọn ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíì bá mi kà á. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí ojú bá ti pọ̀ lára mi, ṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń padà sí ọ̀fun. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ọmọbìnrin tí kò tíì ní ewú kan lórí ń ròyìn iṣẹ́ ayé rẹ̀ bí àgbà. Iṣẹ́ olówó oṣù kan ṣoṣo ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé-ìwé. Mo ṣe é títí ó fi tán lọ́wọ́ mi, mo sì ti fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó kó ròyìn.

Iṣẹ́ alásè ni mo ṣe. Àwọn tí mò ń se oúnjẹ fún kò lẹ́nu, wọn ò lójú, ojú tiwa náà kò sì rí wọn, àfi tí wọ́n bá pọ̀ débi pé wọ́n kóra jọ bí ẹ̀kán ìrì lórí àwo. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n, àwọn tí wọ́n ń pè ní bakitéríà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí n wá ṣe ní Òkìtìpupa nìyẹn, ó bi mí pé ṣé wọ́n á máa sanwó. Mo ní wọ́n á máa san.

Ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n má sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.”

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi ṣàìsàn, owó ilé-ìwé kò sí mọ́, mo jókòó ti ìyá mi nídìí púpurú. Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ mọ iṣẹ́ púpurú: a ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó mọ ọ́n rìbìtì, a ó gbé e sórí àjà kí èéfín gbẹ ẹ́. Obìnrin kan máa ń wá rà á lọ́dọ̀ wa. Alhájà Sàfúrátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àjàgbà ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òkìtìpupa. Òun ló ni yàrá kékeré tí wọ́n ti ń sin àwọn kòkòrò yìí. Lọ́jọ́ kan ó kí mi, mo kúnlẹ̀, mo sì wo ilẹ̀. Ó tún kí mi, n kò dáhùn. Ojú ti ìyá mi.

Ó ní, “Alhájà, ẹ má bínú. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni gbé owó mì.”

Alhájà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Kì í sọ̀rọ̀? Irú ẹni tí mo ti ń wá nìyẹn.”

A rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nídìí àwo tó ṣí sílẹ̀, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ta sínú àwo náà láì mọ̀, kòkòrò ẹnu rẹ̀ yóò sì hù níbi tí ti láàbù ì bá ti hù. Alhájà ti lé àwọn ọmọ tó gbọ́n tó mòye lọ nítorí ẹnu. Wọ́n á ń kọrin, wọ́n á ń sọ ìtàn àlejò tó wá sílé wọn lánàá, àwo á sì bàjẹ́. Nǹkan tí wọ́n ti fi ń bú mi láti kékeré, òun ló gba iṣẹ́ fún mi. Ẹ̀yin tí ojú máa ń tì, ẹ gbọ́ o.

Igò ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Mo fọ igò títí ọmọ ìka mi fi máa ń hunjọ bí ti ẹni tó pẹ́ lódò. Alhájà á gbé igò kọ̀ọ̀kan sí ojú fèrèsé, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún. Bí ó bá rí àmì kékeré kan lára ọ̀kan péré, gbogbo agbọ̀n náà ló máa dà padà fún mi. Kò ní pariwo. Á kàn fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n náà sọ́dọ̀ mi, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò gbọdọ̀ pa ìpara tó ń rùn wọlé. N kò gbọdọ̀ ní èékánná. Bí mo bá fẹ́ sín, kí n sáré jáde kí n lọ sín lábẹ́ igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn láàbù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní Àǹtí Dákẹ́. Bí wọ́n bá rí mi tí mò ń sáré lọ síbi ọ̀pẹ, wọ́n á ní Àǹtí Dákẹ́ fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ tọdún yìí.

Nígbà tó pẹ́, ó jẹ́ kí n kọ́ sísè. Oúnjẹ wọn kò ṣòro láti mọ̀: ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan tó ń rùn bí omi ẹran, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó dì, a ó fi ìyẹ̀fun míì sí i, á sì dì bí ẹ̀kọ inú ewé. A ó kó o sínú ìkòkò irin ńlá kan tí wọ́n máa ń dé lómọrí pinpin, a ó gbé e lé sítóòfù, kí ooru pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tí a kò pè. Lẹ́yìn náà ni a ó wá da àwọn tí a pè síbẹ̀.

Mo bi Alhájà lọ́jọ́ kan, ó sì yà á lẹ́nu pé mo la ẹnu, pé kí ló máa ń mú kí ẹ̀gẹ́ ìyá mi kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹbí àwọn tí mò ń se oúnjẹ fún yìí náà ni. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo rò pé mo ti filé sílẹ̀ wá bá àjèjì ṣiṣẹ́, àṣé àwọn ará ilé wa ni mo tún bá níbẹ̀.

Ìwọ̀n nìkan ni Alhájà kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wọn ìyẹ̀fun, bó bá sì ti wọ̀n ọ́n pé, á tún fi ìka bu díẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà l’Ájàgbà, wọ́n sì tọ́ ọ pé òṣùwọ̀n tí kò ní èènì, ahun ló wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wọn gàrí tí kò fi èènì lé e, oníbàárà rẹ̀ yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Alhájà gbé èènì yẹn wọ láàbù. Kòkòrò rẹ̀ sì ń yó. Wọ́n ń hù kíkankíkan, wọ́n ń sanra, omi inú igò wọn á ki bí omi ògì. Àwọn láàbù míì máa ń wá tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń na igò sókè, á ní, “Ẹ wo àwọn ọmọ mi.” Ó fi wọ́n yangàn, ó sì tọ́ sí i.

Ohun kan péré ló ń bà á nínú jẹ́. Olùkọ́ kan wà tí a ń pè ní Dókítà, ará Ìrẹ̀lẹ̀ ni, kì í ṣe dókítà aláìsàn o, ti ìwé ni. Lọ́dọọdún ló máa ń fẹ́ fi nǹkan kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ní kòkòrò wọ̀nyí máa ń jogún ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn. Alhájà ní kó sọ ọ́ kó yé èmi náà.

Dókítà ní, “Bí èmi bá kú, ọmọ mi ló máa jọ mí. Àwọn wọ̀nyí, bí ọ̀kan bá kú tí ara rẹ̀ sì tú, àjèjì tó ń kọjá lọ lè ṣa lára ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ.”

Alhájà ní, “Ìyẹn ni pé ó bọ́ aṣọ òkú wọ̀?”

Dókítà ní, “Ó ju aṣọ lọ, mà. Ìwà òkú náà ló gbé mì. Á rán an mọ́ ìwà tirẹ̀, gbogbo ọmọ tó bá sì bí lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìwà yẹn ni wọ́n máa wáyé.”

Ó ní ohun tó sì ń jẹ́ kí oògùn tó ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀ má lè pa wọ́n mọ́ nìyẹn nígbà míì: wọ́n ti rí ìwà àìkú ṣà nílẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ní kòkòrò kan tí oògùn kan kò ràn. A ó fi ọṣẹ tú ara rẹ̀, Dókítà á da sípíríìtì tútù lé e, ohun funfun kan á gòkè wá, á máa fà bí ilá. Inú okùn funfun yẹn ni ìwà rẹ̀ wà. A ó fi igi gíláàsì wé e, a ó yọ́ ọ sínú omi mímọ́. A tún ní kòkòrò míì, tí oògùn yẹn máa ń pa lójú ẹsẹ̀. A ó kán omi òkú yẹn sínú igò àwọn alààyè yìí, a ó fi wọ́n sílẹ̀, lẹ́yìn náà a ó dà wọ́n sórí àwo tí a ti po oògùn mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Èyí tí kò rí nǹkan ṣà á kú. Èyí tó rí ṣà á hù. A ó sì ní àwo kejì tí a kò kán omi òkú sí tiwọn rárá, kí ó lè dá wa lójú. Ìyẹn gbọ́dọ̀ mọ́ lóló.

Lọ́dọọdún, àwo méjèèjì ló ń mọ́ lóló. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òkú yìí kò fi nǹkan sílẹ̀. Dókítà á ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, wọ́n á sì lọ. Alhájà á kó àwo náà fún mi pé kí n lọ fọ̀ ọ́. Ọdún tó máa fẹ̀yìn tì, ó sọ fún mi nígbà tí a ń gbọn agbọ̀n pé, “Táyọ̀, mo ti sin wọ́n dàgbà, mo ti sin wọ́n darúgbó. Ohun tí wọ́n ní wọ́n máa ń ṣe yìí, ojú mi kò tíì rí i. Mo fẹ́ rí i kí n tó relé.” Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a máa ṣe é.

Nígbà yẹn, ohun èlò ti ń yí padà. Wọ́n ti ra ìkòkò oníná mànàmáná fún wa, èyí tó máa ń ké fúnra rẹ̀ bí ó bá jinná. Ìkòkò irin àtijọ́, tí a ń pè ní ìyá àgbà, ti wọ abẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n iná lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, jẹnẹrétọ̀ sì bàjẹ́, ni Alhájà bá ní kí n gbé ìyá àgbà jáde. A gbé e lé sítóòfù. Ihò tí ooru máa ń gbà jáde ti dí, bóyá oúnjẹ ọjọ́ pípẹ́ ló gbẹ sí i. Mo dúró níwájú rẹ̀, mò ń retí kó súfèé bó ṣe máa ń súfèé. Kò súfèé. Alhájà ló rí i pé ọmọrí ń gbọ̀n. Kò pè mí. Ó tì mí ṣubú, ọmọrí sì fò lọ bá àjà. Ooru gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá.

Mo sunkún. Òun kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo igò tí kò mọ́, ó ní, “Dákẹ́. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ojú ni ì bá gbá. Lọ pa sítóòfù.” Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ọwọ́ náà yóò san, ó sì san pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n wé e bí ìdì ọ̀lẹ̀lẹ̀. Dókítà wá kí i. Ó ní kí a fi ti omi òkú ọdún yìí sílẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Alhájà mi orí.

Ó ní, “Táyọ̀ á wọ̀n ọ́n.”

Iná dé. Mo dá dúró níwájú ìwọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Alhájà wà nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́ rẹ̀. Mo wọn ìyẹ̀fun títí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n fi dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ọwọ́ mi sì dúró. Mo rántí èènì. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ènìyàn tajà rí mọ̀ ọ́n: ọmọṣẹ́ kì í fi èènì sí ọjà ọlọ́jà. Ẹni tó ni ọjà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bù ún. Alhájà kò sọ fún mi pé kí n bù ún, ojú sì ń tì mí láti lọ béèrè. Mo dé ìyẹ̀fun rẹ̀, mo sè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Alhájà dé, ó fi ọwọ́ òsì gbé igò àwọn alààyè sójú fèrèsé. Omi rẹ̀ kò ki. Ó ṣàn bí omi ẹ̀kọ tí wọ́n da omi gbígbóná pọ̀ mọ́.

Ó ní, “Táyọ̀, àwọn ọmọ yìí rù.”

Mo rò pé mo ti ba ìgbà ìkẹyìn rẹ̀ jẹ́. Ó wò mí, ó rí ojú mi. Ó ní kí a máa bá a lọ, ẹni tó rù náà ń jẹ́ ènìyàn. Dókítà kán omi òkú sí i, a dúró, a dà wọ́n sórí àwo, a kó wọn sínú àpótí olóoru níbi tí wọ́n máa ń sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Dókítà kọ́kọ́ yọ àwo tí kò ní omi òkú. Ó mọ́ lóló bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ó yọ èkejì, ó nà án sí Alhájà.

Ẹ̀kán ìrì wà lórí rẹ̀. Wọn kò pọ̀. Kéékèèké, funfun, wọ́n tẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìràwọ̀ tí òṣùpá kò jẹ́ kó pọ̀. Alhájà gbé àwo náà sún mọ́ ojú. Ó fi àtàǹpàkò ṣí ìdérí rẹ̀. Obìnrin tó ní kí n lọ máa sín lábẹ́ ọ̀pẹ, tó ti lé ènìyàn lọ nítorí orin, ó sún mọ́ àwo tó ṣí sílẹ̀ láìní ìbomú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

Dókítà ní, “Alhájà, itọ́!”

Ó ní, “Jẹ́ kó ta sí i.”

Ìgbà tí ẹ̀rín rẹ̀ ń tán lọ ni Dókítà ń bi wá pé kí la ṣe lọ́dún yìí tí a kì í ṣe tẹ́lẹ̀. A ní kò sí. Ó ní kí n tún un ṣe lójú òun. Mo wọ̀n ọ́n, mo dé ìyẹ̀fun. Alhájà ń retí ọwọ́ mi.

Ó ní, “Èènì ńkọ́?”

Mo ní, “N kò fi sí i, mà. Ọjà yín ni.”

Dókítà ń wo èmi, ó ń wo òun. Ó ní, “Èènì wo?”

Alhájà fi ọwọ́ tó dára tún gèlè rẹ̀ ṣe. Nígbà tó ṣàlàyé èènì, tó dé orí gàrí ìyá rẹ̀, Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú fún ẹ̀rín. Ó wá sọ fún wa pé irú kòkòrò yìí, bí ó bá ń yó, kì í wo ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí oúnjẹ bá fẹ́ tán ló máa ń ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó wà níta. Ó ní òun náà ló kọ bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n, láti ọdún wọ̀nyí wá kò sì wọ òun lọ́kàn láti wo ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Alhájà rò ó, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, “Àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ mi yìí, ìgbà tí ebi bá wọnú wọn ni ọ̀rọ̀ míì tó ń wọlé.”

Àwo ẹ̀rín yẹn bàjẹ́. Olú àti oríṣiríṣi bò ó kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a kò sì rí ẹni tó bínú. A ṣe òmíràn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan pẹ̀lú èènì, ọ̀kan láìsí. Èyí tó ní èènì kò hu nǹkan kan lórí oògùn, èyí tó rù sì hù. Alhájà ló gbé e yí wọn ká. Ó fẹ̀yìn tì tayọ̀tayọ̀, ó padà sí Àjàgbà.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, oúnjẹ tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti dà sínú àwo ọ̀rá, tí wọ́n sì dì nínú páálí, bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òkè òkun. Kò sí ẹni tó nílò alásè mọ́. N kò bínú. Igò kì í rọ̀ mọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Mo padà sí Erinje, mo gba ìdí púpurú lọ́wọ́ ìyá mi. Títí di òní, mò ń gbé abọ́ tí mo fọ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, mo sì ń yí i síhìn-ín, mo ń yí i sọ́hùn-ún. Mo ń ge èékánná. N kì í sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gẹ́. Ìyá mi ní ta ni mo jọ, pé kò sí irú ìwà yìí nílé wa. Mo mọ ẹni tí mo ti ṣà á lára rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má kàn máa béèrè iṣẹ́ tó lówó. Ẹ wo ẹni tí ẹ máa dúró tì. Bí ohun tí ẹ ní lónìí kò bá tó, kò burú. Ẹ kàn jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Alhájà ṣì ń wá ra púpurú. Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi na abọ́ sí mi. Mo wọ̀n ọ́n pé. Ọjà mi ni báyìí, mo bu èènì lé e. Ó wo èènì náà, kò gba abọ́.

Ó ní, “Táyọ̀, fi kún un. Èmi kì í ṣe kòkòrò.”